Abẹ́rẹ́ àti òwú nínú ilé tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀

Láti ìgbà tí apètèbí mi ti papò dà, ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà bi mí lójúkojú, ṣùgbọ́n tí etí mi máa ń gbọ́: "Ṣebí babaláwo ni Bàbá yìí, kí ló dé tí Ifá kò sọ fún wọn?" Ọ̀dọ́kùnrin kan tilẹ̀ bi mí bẹ́ẹ̀ ní gbangba níbi ìkómọ kan, àwọn àgbà sì ń ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀ nínú abala yìí kí n tó sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àti òwú tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ifá sọ. Ifá sọ pé àìsàn ń bọ̀, a rúbọ, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ẹbọ kò ní ká má lo oògùn òyìnbó. Ó lo ọdún mẹ́ta pẹ̀lú wa lẹ́yìn náà, ó gbé ọmọ-ọmọ méjì sí i jó, kó tó di pé ọjọ́ rẹ̀ pé. Ẹni ọdún 61 ni. Ẹlẹ́rìí ìpín ni à ń pe Ọ̀rúnmìlà. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí a ń yan ìpín, ó mọ ohun tí a yàn, ó sì lè bá wa tún ibi tó wọ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé kò ní kú. Nínú àwọn ajogun mẹ́jọ tí àwọn baba wa kà fún wa, ikú, àrùn, òfò, ẹ̀gbà, ọ̀ràn, èpè, ẹ̀wọ̀n àti èṣe, ikú ni a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹbọ a máa yẹ ikú àìtọ́jọ́. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ẹbọ kì í dá a padà. Babaláwo tó bá sọ fún yín pé òun lè dá a padà, ẹ bi í pé níbo ni bàbá tirẹ̀ wà.

Ohun tó dùn mí ju ìbéèrè yẹn lọ ni irú ìtùnú tí àwọn ènìyàn wa ń gbé wá. Ọjọ́ kejì tí a sin ín, ẹni tó bá wọlé á jókòó, á mí kanlẹ̀, á ní, "Àkúnlẹ̀yàn ni, Bàbá. Àyànmọ́ ni." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn ní àsìkò tirẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, a kì í jókòó tì í ká máa ṣàlàyé ohun tó fa iná. Omi la máa ń gbé wá.

Omi náà sì ni ẹ̀sìn wa fi ń bẹ̀rẹ̀, bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, orí rẹ̀ gbóná. Kò lè sùn, kò lè jẹun, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ pé òun ń sọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bọ orí fún un kí a tó bá a sọ ọ̀rọ̀ kankan. Omi tútù, obì, àti ìgbín. Ìgbín ni ẹran tí kò ní ẹ̀jẹ̀ pupa lára, omi ara rẹ̀ là ń pè ní omi ẹ̀rọ̀, òun la sì fi ń tu orí lójú. Ẹni tó bọ orí fún mi kò sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ. Ó fi omi kan iwájú orí mi, ó fi kan ìpàkọ́, ó da obì, obì yàn, ó ní kí n lọ sùn. Mo sùn. Fún ẹni tí kò fojú kan oorun láti ọjọ́ mẹ́rin, ìyẹn ti tó.

A ṣe ìta, a ṣe ìje, a ṣe ogójì ọjọ́. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, àwọn tó ni kánópì kó kánópì wọn, àwọn alásè kó ìkòkò wọn, àwọn ọmọ padà sí ẹnu iṣẹ́. Ẹ̀yin tó ti ṣe é rí mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀fọ̀ tó wọlé. Ṣáájú ìgbà yẹn, ariwo ń bẹ, gbèsè ń bẹ láti ṣírò, aṣọ ẹbí ń bẹ láti pín. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ilé ku èmi, Ifá mi, àti agbọ̀n kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn.

Aṣọ ló wà nínú agbọ̀n náà. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni.

Mo mọ̀ pé àwọn olólùfẹ́ àṣà tó ń ka abala yìí mọ àdìrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló rò pé gbogbo àdìrẹ ló jọra. Ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀. Èyí tí a ń pè ní oníko, ìko la fi ń so aṣọ, bóyá pẹ̀lú òkúta kéékèèké tàbí èso nínú rẹ̀, kí aró má baà wọ ibẹ̀. Ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún la fi ń kọ ọ́, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n sì sábà máa ń fi kọ ọ́. Inú ẹ̀yà yìí ni Ìbàdàndùn wà, èyí tí wọ́n ya àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó sí. Alábẹ́rẹ́ ni èyí tí abẹ́rẹ́ ń ṣe. Aṣọ tẹ́rú funfun ni a ó ṣẹ́ po, a ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú tàbí ìko gba ojú ìṣẹ́po náà lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ó wá fa okùn náà títí aṣọ á fi wé jọ, a ó sì so ó kó le dáadáa. Bí a bá rì í bọ aró, aró kò ní lè wọ ibi tí okùn ti fún un. Bó bá gbẹ, a ó tú okùn, ilà funfun á sì yọ nínú dúdú. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ dé, àwọn ọkùnrin ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ṣe é, ó sì yára. Apètèbí mi kò fẹ́ràn ti ẹ̀rọ. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, Ìtòkú ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ níṣẹ́. Ó máa ń ní ti ẹ̀rọ kò ní ẹ̀mí nínú. Èmi kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ìyẹn, mo ti rí ti ẹ̀rọ tó rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n a ti bá a fa ọ̀rọ̀ náà fún ogún ọdún, mi ò sì fẹ́ máa jà lọ nísinsìnyí tí kò lè dá mi lóhùn.

Ìró àdìrẹ kan sábà máa ń jẹ́ abala méjì tí a rán pọ̀. Ó ti parí abala kìíní tán, ó ti fa okùn rẹ̀ jọ, ó rí wúruwùru bí ẹja gbígbẹ nínú agbọ̀n náà. Abala kejì, ó ti ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lára aṣọ, òwú ṣì wà lójú abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá ni mo kọ́kọ́ gbé e. Mo ti fi obì àti omi bọ Ifá tán láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tẹ́lẹ̀, òun ló máa ń gbálẹ̀ ojúbọ, òun ló máa ń tọ́jú ọpọ́n, òun ló máa ń bu omi wá. Iṣẹ́ apètèbí ni. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra mi, ọwọ́ mi sì ṣófo, oòrùn kò tíì mú. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo mú abẹ́rẹ́, mo ń bá a lọ láti ibi tó dé.

Kí àwọn ọkùnrin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ló ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀nà sí ọrùn agbádá tí ẹ ń wọ̀ lọ òde. Ọkùnrin ló ń sin ìlẹ̀kẹ̀ sí adé fún àwọn ọba, bí ti àwọn onísẹ́ adé ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ẹni tó bá sì mọ Ògún mọ̀ pé irin ni abẹ́rẹ́. Bó ti wù kó kéré tó, ti Ògún ni. Ó gún mi lọ́jọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fi ìka sẹ́nu, mo ní Ògún, ó tó.

Ọwọ́ babaláwo ti mọ́ iye kan, iye náà sì ni mo fi rán an. Bí mo bá ti gún ẹyọ kan, mo pe Èjì Ogbè. Ẹyọ kejì, Ọ̀yẹ̀kú Méjì. Ẹ̀kẹta, Ìwòrì Méjì. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé Òfún Méjì, ẹ̀kẹrìndínlógún, kí n tó tún bẹ̀rẹ̀ láti Èjì Ogbè. Kì í ṣe ètùtù. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ pé kí ẹ lọ máa ṣe é. Mo kàn rí i pé ẹnu mi nílò ohun tí yóò máa ṣe bí ọwọ́ mi ṣe ń ṣe tirẹ̀. Àwọn awo mọ ohun tí Ọ̀yẹ̀kú jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ikú. Òun ni ẹyọ kejì nínú gbogbo ìrìnàjò mẹ́rìndínlógún, kò sí bí mo ṣe lè fò ó kí ìkà mi má bàjẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ohùn mi máa ń dẹ́kun níbẹ̀. Mo ń pè é nínú. Ó tó oṣù méjì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é jáde bíi ti àwọn ìyókù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùfọkànsìn gbé yẹ̀ wò nìyẹn. A ní àdúrà fún ẹni tó ń wá owó, a ní fún ẹni tó ń wá ọmọ, a ní fún ẹni tó ń rìnrìn àjò. Ọ̀fọ̀ kò béèrè ohunkóhun. Kò sí ohun tí a fẹ́ kí Ifá fún wa mọ́, nítorí ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́, a mọ̀ pé kò ní fún wa. Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń gbàdúrà nígbà tí kò ní ẹ̀bẹ̀? Èmi rí i pé mo lè pe orúkọ Odù láìbéèrè nǹkan kan, bí ènìyàn ṣe ń pe orúkọ àwọn ará ilé láàárọ̀ láti mọ̀ pé wọ́n jí. Abẹ́rẹ́ ló jẹ́ kí n lè ṣe é. Bí ọwọ́ bá dúró, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: ká ní a ti lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, ká ní oṣù kan ṣáájú. Bí ọwọ́ bá ń lọ, ìṣírò Odù ló máa ń gba àyè yẹn.

Ẹ máà jẹ́ kí n tàn yín. Àwọn ọjọ́ wà tí mo gbé aṣọ náà tí mo sì gbé e padà sínú agbọ̀n láìgún ẹyọ kan. Ìyẹn náà lọ.

Ọmọbìnrin wa àgbà, Èkó ló ń gbé. Onígbàgbọ́ ni, ó sì gbóná nínú ìjọ rẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́, ẹni tó ní orí tirẹ̀ ló ní. Ṣùgbọ́n nígbà tó wálé ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, ó kúnlẹ̀ kí mi tán, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n ní àwọn ẹrù Màámi tó bá ti bá ojúbọ tan, kí n kó wọn jáde ká dáná sun wọ́n." Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ló ní lọ́kàn, àti ìdè ọwọ́ rẹ̀, àti àwọn aṣọ funfun. Mo ní ìlẹ̀kẹ̀ àti ìdè ti bá olówó wọn lọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe tọ́. Ó wo agbọ̀n. "Èyí ńkọ́?" Mo ní aṣọ lásán ni, kò ti ojúbọ jáde, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti jáde. Ó jókòó sórí pèpéle, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo ń bá ìránṣọ mi lọ, mo sì ń pe Odù mi wúyẹ́wúyẹ́, nítorí mi ò lè tìtorí pé ọmọ mi wálé kí n máa pa Ifá mọ́ inú.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá, tiyín fẹ̀ ju ti Màámi lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín." Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré, mo ti gbàgbé. Ó gba abẹ́rẹ́, ó gún bí mẹ́wàá, ó kéré, ó dọ́gba, bí eyín ọmọdé. Kò wọ yàrá Ifá mi, kò sì jẹ nínú oúnjẹ tí a fi bọ̀. Ó ń kọrin ìjọ rẹ̀ lábẹ́ ẹnu, èmi ń pe Òdí, mò ń pe Ìrosùn. Ọjọ́ mẹ́ta tó lò, a fẹ́rẹ̀ẹ́ parí abala kejì. A kò sọ ọ̀rọ̀ iná mọ́. Àwọn tó ń bi mí léèrè bóyá mo ti borí rẹ̀ nínú ìjiyàn, ìjiyàn kankan kò wáyé. Ó ṣì gbà pé ọ̀nà mi kò tọ́, èmi náà sì ṣì ń gbàdúrà sí orí rẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń pè mí ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, èyí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀.

Òṣogbo là ń gbé, ìlú aró ni wọ́n sì ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ rántí ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú náà dó, nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn gé igi tó wó lu odò, tí ohùn kan jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ àwọn ìkòkò aró òun. Ìyáàgbà aláró tó rì aṣọ wa bọ aró kò gbà kí n lo aró òyìnbó onísódà. Ẹ̀lú ni, ewé tí wọ́n gún, tí wọ́n mọ ní ìṣù, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n wá fi omi eérú rẹ sínú ìkòkò títí tó fi kan. Bí ó bá kọ́kọ́ fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Lójú rẹ báyìí, afẹ́fẹ́ á kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ó rì í, ó sá a, ó tún rì í, ó tún sá a, kò gbà kí n ka iye ìgbà. Ìyá Mọ̀pó ni wọ́n ń bọ nínú iṣẹ́ yẹn, ó sì bọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Títú okùn ni ó nira jù. Abẹ ìfárí la fi ń gé e, bí ọwọ́ bá sì yẹ̀, aṣọ ti ya. Ọmọbìnrin mi wá láti Èkó nítorí rẹ̀. Abala kìíní, ti ìyá rẹ̀ nìkan, ilà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó tò bí ìkọ́ agẹmọ lórí iyanrìn. Abala kejì ni ó pa wá lẹ́rìn-ín. Ibi tí ìyá rẹ̀ dúró hàn kedere. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tèmi, funfun rẹ̀ nípọn, ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì. Lẹ́yìn tèmi ni tirẹ̀, tó tún jọ ti ìyá rẹ̀. Aláró náà wò ó, ó ní ẹni mẹ́ta ló rán aṣọ yìí, ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe obìnrin. Ọmọbìnrin mi ní kí a má tíì rán abala méjèèjì pọ̀. Ó gbé ti ìyá rẹ̀ lọ sí Èkó, ó fi ẹlẹ́ni mẹ́ta sílẹ̀ fún mi.

Nítorí aṣọ yìí ni mo ṣe ń wo àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ọ̀fọ̀ bí ẹni tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n. Obìnrin kan wá lọ́dún tó kọjá. Àkọ́bí rẹ̀ ló kú, ọmọ ọdún 28, ìjàm̀bá ọkọ̀. Ẹ mọ̀ bí àṣà wa ṣe rí lórí òkú ọ̀fọ̀. Bí àgbà bá kú, a ó jó, a ó jẹ, àwọn ọdẹ á ṣípà fún ọdẹ, egúngún á jáde. Bí ọ̀dọ́ bá kú, kíá la máa ń sin ín, òbí kì í sí níbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé wọn kì í tilẹ̀ fi ojú oórì hàn wọ́n. Àwọn àgbà ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, wọn kò fẹ́ kí òbí máa tẹ ojú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó máa ń fi sílẹ̀ fún ìyá ni ọwọ́ òfìfo. Kò ní ìta, kò ní ìje, kò ní nǹkan kan tí yóò ṣe.

A dá Ifá fún un, a rú ohun tí ó yẹ ká rú. Nígbà tí à ń ṣàdúrà ìparí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo mi, tí ẹnu rẹ̀ ti mọ́ àdúrà náà, ní, "Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí." Obìnrin náà gbé ojú sókè. Ó ní, "Bàbá, tèmi, okùn ló kọ́kọ́ lọ." Kò sí ẹni tó lè dáhùn nínú wa. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n bu omi wá.

Ó padà wá lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tó tẹ̀ lé e, ó kàn jókòó. Ó rí mi tí mò ń sin ìdè, ìlẹ̀kẹ̀ otútù àti ọpọ̀n, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀, fún ọmọ tuntun kan tí a fẹ́ ṣe ẹsẹ̀ńtáyé fún. Apètèbí mi ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ojú mi kò dára tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní kí n gbé e fún òun, ojú òun ṣì mọ́lẹ̀. Ó sin ín, ó dára ju tèmi lọ, mo sì ní kó máa bọ̀.

Ọ̀rọ̀ bá délé awo. Àwọn kan ní kò tọ́ kí ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ máa fọwọ́ kan ìdè ọmọ tuntun, pé yóò ran ọmọ náà. Ẹni tó sọ ọ́ kì í ṣe ẹni ibi, ẹ̀rù ọmọ ọlọ́mọ ló ń bà á, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹnu ènìyàn bá ń fà, a ní ibi tí à ń gbé e lọ. A mú ìbò, a da Ifá níwájú gbogbo wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé èmi ni mo dá a ní yàrá. Ìre ni Ifá fọ̀. Ifá ní kó máa ṣe é, kí ó máa fi omi tútù fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti sin ìdè fún ọmọ mọ́kànlá báyìí. Ó máa ń béèrè orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà, ó sì ń pe orúkọ náà bó ṣe ń ki abẹ́rẹ́ bọ ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà mìíràn omijé máa ń bọ́ sí i. A kì í dá a dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ó ṣì wà. Ìtòkú ṣì wà ní Abẹ́òkúta, àwọn ilé ẹ̀kọ́ àdìrẹ wà ní Òṣogbo, títí kan èyí tí Níkẹ Okúndayé dá sílẹ̀. Ẹ má wá ohun ńlá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára yáàdì kan.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Àwọn àna mi ní Abẹ́òkúta ní egúngún ìdílé. Àwọn tó mọ̀ mọ̀ pé ẹ̀kú egúngún kì í parí láéláé. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ń fi aṣọ kún un, aṣọ òkè àtijọ́ nínú, àrán àti aṣọ òyìnbó lóde, etí wọn gé bí eyín ayùn, àwọn aránṣọ ìdílé á rán tuntun mọ́ ògbólógbòó. Èyí tí ojú gbogbo ayé ń rí ni mo sọ yẹn. Èyí tó wà nínú ìgbàlẹ̀, ibẹ̀ ni ó ń gbé. Lọ́dún yìí, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé àwọn fẹ́ kí nǹkan kan láti ọwọ́ ọmọ àwọn wà lára ẹ̀kú bàbá rẹ̀. Abala tí èmi náà rán wà níbẹ̀ kò wù wọ́n. Wọ́n ní ti ọmọ àwọn nìkan ni àwọn fẹ́, èyí tó wà ní Èkó.

Mo pe ọmọbìnrin mi lórí fóònù, mo sọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe wí, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò. Ó bi mí bí ibi tí wọ́n máa gé ṣe máa tóbi tó. Mo ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó dákẹ́. Ó ní òun á pè mí padà lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.